Röthbachfall láti Königssee: ṣé a ò ní pàdánù ọkọ̀ tó kẹ́yìn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ adágún Königssee ní gúúsù Jámánì dunjú, ẹ gbà wá nímọ̀ràn: a fẹ́ lọ wo Röthbachfall, omi tó ń já látorí àpáta. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lo iná mànàmáná (irú ẹ̀ ni wọ́n ti ń lò níbẹ̀ láti 1909, kómi má bàa dọ̀tí) la fẹ́ wọ̀ láti Schönau dé Salet, ibùdókọ̀ tó wà ní ìkangun kejì adágún náà, nǹkan bíi wákàtí 1. Látibẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú 15 ni dé Obersee, adágún kékeré kan. Etí Obersee yìí ló ń kọ wá lóminú: ọ̀nà tóóró, àtẹ̀gùn òkúta, gbòǹgbò igi, tí gbogbo ẹ̀ á máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ṣé ọmọ ọdún 7 lè gbà á, tó bá wọ bàtà tó mú ilẹ̀ dáadáa? Pápá koríko Fischunkelalm ló kàn, ibi tí màlúù ti ń jẹ̀ nígbà ooru, ká tó dé ìdí Röthbachfall, omi tó ń já láti nǹkan bí 470 mítà.

Yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè wà lára ohun tó ń bọ́ omi náà. Tá a bá lọ ní ìparí oṣù August, ṣé kì í ṣe àpáta gbígbẹ la máa bá?

Èyí tó jẹ wá lógún jù ni ìpadàbọ̀. Kò sọ́nà ẹsẹ̀ tó gba etí Königssee padà sí Schönau, ẹni tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá já sílẹ̀ há nìyẹn. A ṣírò wákàtí 3 fún ìrìn àlọ àtàbọ̀ láti Salet. Aago mélòó ló yẹ ká ti wà lórí ìlà ní Salet, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé? Tá a bá tún fẹ́ sọ̀ ní St. Bartholomä, ibùdókọ̀ tó wà lójú ọ̀nà, ṣé àyè máa ń wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e?