Kúpọ́ọ̀nù méjì lórí ọjà kan: ọgbọ́n ni àbí èrú?

Àbúrò Maryland: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Téèyàn bá fi kúpọ́ọ̀nù (bébà ẹ̀dínwó) méjì ra páálí páḿpásì kan ṣoṣo, tí ẹ̀rọ gbà á, tí kaṣíà ò sì wí nǹkan kan, ṣé èrú kọ́ nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: Ti pé ẹ̀rọ gbà á kì í ṣe ẹ̀rí. Ara bébà ni kó o wò. Èyí tí wọ́n kọ "Manufacturer Coupon" sí, ilé-iṣẹ́ tó ṣe páḿpásì ló máa san owó ẹ̀. "Store Coupon", àpò ṣọ́ọ̀bù ló ti ń jáde. Tó o bá lo ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò sí èrú ńbẹ̀ níbi tí ṣọ́ọ̀bù bá ti fàyè gbà á. Target, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ń fàyè gbà á. Ti ilé-iṣẹ́ méjì lórí páálí kan ni ò dáa.

Ká ní $24.99 ni páálí. Ti ṣọ́ọ̀bù yọ $5, ti ilé-iṣẹ́ yọ $3, ó ku $16.99. Ṣọ́ọ̀bù á fi bébà $3 yẹn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, wọ́n á dá $3 padà fún un, wọ́n á tún fi sẹ́ńtì 8 kún un fún wàhálà ẹ̀. Ta la wá rẹ́ jẹ?

Àbúrò Maryland: Ẹ ṣé, mà. "$10 off $50", ìyẹn ẹ̀dínwó $10 tí ọjà bá tó $50, ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Òun ni kó o kọ́kọ́ fún kaṣíà. Táwọn yòókù bá ti fa owó náà wálẹ̀ sí $46, ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀dínwó ni wọ́n ti ń ka $50 yẹn, nítorí náà ka ìlànà wọn kó o tó jáde nílé.

Bọ̀dá Oníṣirò: Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. "One per purchase": ra mẹ́rin, lo mẹ́rin. "One per transaction": ẹyọ kan lórí risíìtì kan. Tí wọ́n bá wá kọ "per household", ìyẹn ẹyọ kan fún ilé kan, èrú ni kéèyàn pín ọjà sí risíìtì mẹ́ta. Kẹ́ ẹ ní kí ìyàwó yín lọ tò sí ìlà kejì ò yí i padà, abẹ́ òrùlé kan náà lẹ jọ ń sùn.

"$4 off 2", ìyẹn ẹ̀dínwó $4 téèyàn bá ra méjì, ti jẹ ọjà méjèèjì tán. Ẹ ò lè tún fi $1 ti ilé-iṣẹ́ lé èkejì.

Ọ̀kan wà tí mo kórìíra: kúpọ́ọ̀nù ìgò ọṣẹ ńlá tí wọ́n fi ń ra kékeré, torí pé báàkóòdù ò mọ ìyàtọ̀. Tí ilé-iṣẹ́ bá rí i, wọn ò ní san, ọrùn ṣọ́ọ̀bù ló máa já sí. Fọ́tókópì ńkọ́? Ìyẹn ti kúrò ní èrú, ẹ̀wọ̀n ni. Lọ́dún 2021, wọ́n rán obìnrin kan ní Virginia lẹ́wọ̀n ọdún 12 nítorí ayédèrú kúpọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin ará New York, kúpọ́ọ̀nù ti ilé-iṣẹ́ kì í dín owó orí ọjà (sales tax) kù. Ọṣẹ $12 pẹ̀lú kúpọ́ọ̀nù $2, orí $12 ni wọ́n máa ṣírò ẹ̀ lé. Ti ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló ń dín in.

Àbúrò Maryland: Tó bá wá jẹ́ pé ilé lèèyàn ti rí i pé ti ilé-iṣẹ́ ni méjèèjì?

Ìyá Ìbejì: Kó mú risíìtì padà lọ sí kàńtà àwọn oníbàárà, kó ní kí wọ́n gba owó ọ̀kan nínú méjèèjì padà.