Ilé-iṣẹ́ òkè òkun fẹ́ bá wa wá platinum n'Íléṣà: ṣé ká fọwọ́ sí i?

Kọ́lá Ìjẹ̀ṣà
Ẹ kú ilé o. Àwa mẹ́fà, tẹbí tọ̀rẹ́, la jọ gba láísẹ́ǹsì ìwákiri lọ́wọ́ Cadastre, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún èèyàn láṣẹ ìwakùsà, l'Ábùjá, lọ́nà Ìtàgúnmódì. Wúrà la ń lé. Ihò díẹ̀ la gbẹ́ tówó fi tán, láísẹ́ǹsì náà sì ku ọdún kan ààbọ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan wá dé, ó ní platinum àti palladium, irin olówó iyebíye bíi wúrà, lòun ń wá. Àwọn ni yóò náwó ìwákiri fún ọdún mẹ́ta, wọn á fi gba ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún láísẹ́ǹsì wa. Bí wọ́n bá ń ná an lọ títí di ìgbà tí ìṣirò bá fi hàn pé ìwakùsà á pé, á di 75. Àwa ò ní yọ kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ká tètè fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n má baà lọ. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ìdá 25 tó kù yẹn, ṣé owó ni àbí orúkọ lásán?

Dòtun
Látìgbà tí ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ wúrà lọ́dún 2021, gbogbo Ìjẹ̀ṣà ló ti di ọlọ́kúta 😂

Ṣeun, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Inú òkúta funfun àti yanrìn odò lẹ ti ń bá wúrà. Platinum ò rí bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ ń rìn (palladium, rhodium, ruthenium, iridium, osmium) máa ń wà nínú òkúta dúdú tó wúwo, tó ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gòkè wá, níbi tí chrome, nickel àti bàbà wà. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọjú. Ṣùgbọ́n òkúta ni ìyẹn, kì í ṣe platinum.

Ẹ ò sì lè fojú rí i. Ní Merensky Reef, ìpele òkúta tí wọ́n ti ń wa platinum ní South Africa, tí wọ́n ti mọ̀ láti 1924, gíráàmù mélòó kan péré ló ń wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Èsì láàbù nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo èsì àyẹ̀wò àti òkúta tí wọ́n bá gbẹ́ di tiyín bí wọ́n bá lọ. Èyí gan-an lèrè yín bí wọn ò bá rí nǹkan kan.

Àǹtí Lọ́yà
Kọ́lá, ẹ fi ìdá 75 sílẹ̀ ná. Ọjọ́ wo ni "a ò ní yọ kọ́bọ̀" parí? Bí ó bá parí, tí wọ́n ní kí ẹ mú ìpín yín wá, tí ẹ ò rí i mú wá, 25 á máa dín kù. Lójú yín báyìí ni á di 5.

Ìdá 51 ò gbọdọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí wọn ò bá ná gbogbo owó tí wọ́n sọ, kí wọ́n má gba nǹkan kan. Ẹ bèèrè iye tó jẹ́ dandan lọ́dún àkọ́kọ́, àti ẹni tí yóò máa san owó láísẹ́ǹsì. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ lè sọ láísẹ́ǹsì náà dọ̀tun, ọdún méjì-méjì, bí ẹ bá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ìpín tí a kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Cadastre, àwàdà ni.

Bọ̀dé
Ṣebí ìdajì-ìdajì làwọn ará ìlú Bafokeng ní South Africa bá ilé-iṣẹ́ Anglo Platinum pín ibi ìwakùsà platinum Rasimone nígbà kan? Kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀?

Àǹtí Lọ́yà
Àwọn yẹn ló ni ẹ̀tọ́ ohun tó wà nínú ilẹ̀ wọn nígbà náà. Níbí, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ìwé àṣẹ lásán ló wà lọ́wọ́ Kọ́lá. Òfin ìwakùsà ti 2007 sì ní kí wọ́n bá ará ìlú ṣe àdéhùn kí wọ́n tó wakùsà, kí ẹ má gbàgbé.

Kọ́lá, ẹ wo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ohun tí wọ́n ń wá. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Kọ́lá Ìjẹ̀ṣà
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. "Gbogbo àlùmọ́ọ́nì" ni wọ́n kọ. Wúrà wa náà ti wọ̀ ọ́!

Dòtun
Ọmọ Òṣómàáló! Ẹ máa fọwọ́ sí i o 😂

Kọ́lá Ìjẹ̀ṣà
Mo ti pe ẹ̀gbọ́n, ó dákẹ́ lórí fóònù. Ti ọjọ́ Ẹtì ti kúrò ńlẹ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ń gbà láti ka ìwé ojú-ewé 31?