"Ojúlówó ayé" kọ́: lórí ọ̀rọ̀ awọ ara ẹni tó gba kíndìnrín

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe pe "quality of life" nínú ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ kọ fún àwọn tó gba kíndìnrín ẹlòmíràn, tí awọ ara wọn wá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn kan ti dá "ojúlówó ayé" àti "ìgbádùn ayé" lábàá. Mi ò fara mọ́ ìkankan. Òdìkejì ayédèrú ni ojúlówó. Ayé aláìsàn wo ni ayédèrú? Bí nọ́ọ̀sì bá sì bi màmá àgbà nípa "ìgbádùn ayé" wọn, fàájì ni wọ́n máa rò.

"Ìrọ̀rùn ìgbé-ayé" ni tèmi, torí ó ṣeé yí sí ìbéèrè: "Ṣé ayé rọ̀ yín lọ́rùn?" Lọ́dún 1994, Finlay àti Khan, àwọn olùwádìí ní Cardiff nílẹ̀ Wales, gbé ìbéèrè 10 jáde fún àwọn tí awọ ara ń dà láàmú. Ṣé ara ń yún ẹ? Ṣé ojú ń tì ẹ́? Ṣé ó ń dí ọjà lílọ, iṣẹ́, aṣọ wíwọ̀ tàbí ìbálòpọ̀ lọ́wọ́? Ìnira ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe ìgbádùn.

Èyí tó dùn mí jù ni "àrùn awọ" tí wọ́n fẹ́ fi pe gbogbo rẹ̀. Ciclosporin, oògùn tí wọ́n ń lò kí ara má bàa kọ kíndìnrín tuntun, lè mú irun hù sí ojú obìnrin, kí ẹran ìdí eyín sì wú. Prednisolone, tí wọ́n ń lò fún ohun kan náà, lè mú irorẹ́ yọ, kí ojú wú roboto. Iṣẹ́ oògùn nìyẹn, kì í ṣe àrùn. Ẹni tí a bá sọ fún pé àrùn ni lè máa wá àgbo kiri, àgbo mìíràn sì lè ba kíndìnrín tuntun náà jẹ́. Àwọn mìíràn á tìtorí ojú tó wú dá oògùn dúró, ara á sì kọ kíndìnrín náà. Ẹ jẹ́ ká kọ "ìyọnu awọ ara", ká fi "àrùn" sílẹ̀ fún làpálàpá àti irú rẹ̀, tó ń ráyè wọlé nítorí pé oògùn ti dín agbára ààbò ara kù.

Ní ti jẹjẹrẹ awọ ara, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ bíi pé ti òyìnbó nìkan ni. Lóòótọ́ ó pọ̀ lára wọn jù, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú ó lè yọ síbi tí oòrùn ò dé, títí kan ojú ara.

"Ìpààrọ̀ kíndìnrín" tí wọ́n ń pe "kidney transplant" ti tàn kálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é nílé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó lọ́dún 2000, mi ò ní bá a jà. Kí ìwé náà kàn ṣàlàyé pé wọn kì í sábà yọ ti àtijọ́ kúrò. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń fi tuntun sí.

Ó ku awọ tí prednisolone sọ di ohun tí ń tètè bó, tó ń tètè ṣẹ̀jẹ̀ sínú. "Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́" ni mo ní lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Kétu, kí lẹ ń pè é nílé?