Èsì: Ọgbẹ́ ọkàn ni trọ́mà àbí egbò ọkàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé lánàá pé lédè Yorùbá, ká máa pe trọ́mà, ìyẹn ìpalára tí ohun burúkú tójú èèyàn rí máa ń ṣe fún ọkàn ẹ̀, ní "ọgbẹ́ ọkàn", ká sì máa pe tẹ́rápì ẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú ẹ̀ lọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ọkàn, ní "ìmúgbàgbé". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mo gba ti àkọ́kọ́ dé ìdajì, ìkejì ni mi ò gbà rárá.

Ọgbẹ́ ò burú, ṣebí ohun tí trọ́mà túmọ̀ sí lédè Gíríìkì gan-an nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí olólùfẹ́ ẹ̀ já jù sílẹ̀ náà á ní wọ́n dá ọgbẹ́ sóun lọ́kàn. Ọgbẹ́ sì máa ń jinná, á ku àpá. Èyí tó bá kọ̀ tí ò jinná, tó ń ṣọyún, tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe kàn án pẹ́nrẹ́n ló tún tú, egbò là ń pè é. Ohun tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ sínú ìwé wọn lọ́dún 1980 tí wọ́n pè ní PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí trọ́mà máa ń dá síni lára tí kì í tètè lọ, egbò ni. Ẹ wo ẹni tó ti yọ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó fẹ́ mumi, ẹnìkan kàn tẹ bíréèkì níta ni, táyà han, ife ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òógùn ti bò ó, òun fúnra ẹ̀ ti wà lábẹ́ tábìlì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí ṣá. Ìyẹn ni mo fi ní ká pè é ní "egbò ọkàn".

"Ìmúgbàgbé" wá ńkọ́? Tẹ́rápì wo ló ń múni gbàgbé? Nínú èyí tí Edna Foa, onímọ̀ nípa ọkàn, gbé kalẹ̀, wọ́n á ní kéèyàn dijú kó máa sọ ohun tójú ẹ̀ rí bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gbohùn ẹ̀ sílẹ̀, á wá máa gbọ́ ọ nílé lójoojúmọ́ títí ẹ̀rù ọ̀hún á fi rọlẹ̀. Nínú EMDR, irú tẹ́rápì míì tí Francine Shapiro, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, ojú lèèyàn á fi máa tẹ̀lé ìka ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bó ṣe ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. (Wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá ojú yíyí yẹn ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìjà tiwọn nìyẹn.) Ṣé ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí ń gbàgbé ni? Ó ń rántí, ohun tó ń rántí ni ò ní máa gbé e ṣubú mọ́.

Tèmi ni "ìfọ-egbò". Ẹni tó bá ti fọ egbò rí mọ̀ pé ó máa ń ta, wọ́n á ṣí i, wọ́n á nù ún, wọ́n á dì í padà, ọ̀la tún ń bọ̀. Mi ò fẹ́ "ìwòsàn", ó ti ń ṣèlérí jù.

Èyí tó kù ni flashback, ìyẹn kí ohun burúkú tó ti ṣẹlẹ̀ ṣàdédé padà síni lọ́kàn bíi pé ó tún ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. "Ìrántí òjijì" ni mo ń lò, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí orúkọ tá a ti gbàgbé náà máa ń ṣàdédé sọ síni lọ́kàn lójijì. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó mú un wá.