Wisikí olóòórùn èéfín wo ni kí n rà fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ń gbé ní Òmù-Àrán yóò pé ẹni 70 ọdún, mo sì fẹ́ ra ìgò wisikí kan fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, àlejò kan bu wisikí olóòórùn èéfín kan tó ń jẹ́ Lagavulin, ọlọ́dún 16, fún wọn. Wọ́n gbé ife sí imú, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ó ń ta sánsán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ààrò. Títí di òní, wọn kò yé sọ ọ́.

Èmi kì í mu ọtí, nítorí náà ìwádìí nìkan ni mo gbára lé. Erékùṣù Islay ní Scotland ni irú rẹ̀ ti gbajúmọ̀ jù, níbi tí wọ́n ti ń fi èéfín ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì sá kí ó tó di ohun ìdáná, gbẹ ọkà bálì. Owó mi kò ká Lagavulin. Mo ń wo Laphroaig ọlọ́dún 10, ṣùgbọ́n wọ́n ní òórùn rẹ̀ dà bí ti oògùn ojú egbò. Ardbeg ọlọ́dún 10 náà le, ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 46%. Ṣé kí n kúkú ra Talisker ti erékùṣù Skye, tí èéfín rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló sún mọ́ Lagavulin jù, báwo ni mo sì ṣe lè dá ayédèrú mọ̀ bí mo bá rà á ní Ìlọrin?