Ọ̀pá ìkòkò tábà bàbá àgbà ti kán, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ìkòkò tábà bàbá bàbá mi wà lọ́wọ́ mi níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Igi briar, igi líle kan tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìkòkò tábà, ni orí rẹ̀ tí a ń kó tábà sí, ó ṣì le koko, àmọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó ínṣì 10 ti kán. Vulcanite ni, rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè títí tó fi le. Oòrùn ti sọ ọ́ di rúsúrúsú. Mo wá irú rẹ̀ títí, kúkúrú nìkan ni mo rí. Káfíńtà kan fi igi gbẹ́ òmíràn, ihò rẹ̀ wọ́, kò sì wọnú orí dáadáa. (Owó mi kò wọ́ ní tirẹ̀!) Ọparun ló wá sí mi lọ́kàn báyìí, kí n fi ẹnu vulcanite kúkúrú sórí rẹ̀. Ṣé ọparun á gba ooru láì là? Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ sílẹ̀.