Owó àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Houston: ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé S corporation?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Houston)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mo ní ní Bissonnet: èlùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú, epo pupa, irú, panla. LLC ni (irú ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ kì í sábà wọ orí ẹni tó ni ín), orúkọ èmi nìkan ló sì wà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn fi 60,000 dọ́là ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí a jọ sọ ni pé ti àwa méjèèjì ni. A ò kọ ìwé kankan. Kò ní green card, kò tilẹ̀ dé Amẹ́ríkà rí.

Ọjà ti ń tà báyìí, ẹni tó ń bá mi ṣe owó orí sì ní kí n fọwọ́ sí Form 2553 kí ṣọ́ọ̀bù di S corporation (ètò tí èrè ilé-iṣẹ́ fi ń bọ́ sórí ìwé owó orí àwọn tó ni ín), pé owó orí mi yóò dín kù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ́kọ́ rí lọ́yà tó mọ ètò òwò àti owó orí. Owó lọ́yà kì í ṣe kékeré. Kí ni lọ́yà fẹ́ ṣe tí akáùntáǹtì kò lè ṣe?

Alásè Atlanta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ń se oúnjẹ òde, S corporation sì gbè mí. Mo ń san owó oṣù fún ara mi, orí owó oṣù yẹn nìkan ni wọ́n ti ń yọ 15.3% ti Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìwòsàn àgbàlagbà). Èrè tó bá kù kò san ìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ni tèmi. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín yẹn ń kọ mí lóminú.

Lọ́yà Owó Orí (Houston)

Ẹ kú ọjà, mà. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní ibùgbé níbí, ní ìpín nínú S corporation. Bí àbúrò yín bá ni apá kan nínú ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, Form 2553 yẹn kò ní múlẹ̀. Ẹ ó máa san owó orí lọ́nà tí kò tọ́ sí yín, títí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, yóò fi béèrè ibi tí 60,000 dọ́là ti wá. Mi ò dá ẹni tó ń ṣe owó orí yín lẹ́bi. Orúkọ ẹnì kan ló rí lórí ìwé, kò sì bi yín nípa owó tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló ni owó yìí? Kí lẹ ṣèlérí fún un? Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp kankan rẹ́. Bí ẹ bá ní kí n kọ ìwé pé ẹ̀yáwó ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n fi ọjọ́ àtijọ́ sí i, mi ò ní kọ ọ́ láé. Ẹ̀wọ̀n wà nídìí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lè fẹnu kò lónìí pé ẹ ra ìpín rẹ̀ padà, kí owó náà di gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́, pẹ̀lú èlé àti ọjọ́ tí ẹ ó máa san án, kí ọjọ́ òní sì wà lórí rẹ̀. Nígbà náà ni S corporation tó ṣeé ṣe. Ní ti èlé yẹn, kò sí àdéhùn owó orí láàárín Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà, nítorí náà 30% ni òfin ní kí ẹ yọ kí ẹ tó san án fún un. Ṣùgbọ́n tí kò bá ní ìpín mọ́, tí a kọ ìwé gbèsè náà bó ṣe yẹ, tó sì fún yín ní W-8BEN (ìwé tó fi ń jẹ́rìí pé òun kì í ṣe ará Amẹ́ríkà), òfin lè yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí akáùntáǹtì kì í sábà bá yín dé. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àbúrò yín sí. Bí ohunkóhun bá ṣe é láìsí ìwé, ẹbí yóò pe ìpàdé, wọn yóò máa jiyàn bóyá ìdí-igi ni wọn yóò fi pín ogún tàbí orí-ò-jorí, ṣọ́ọ̀bù Bissonnet yóò sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ìwé àdéhùn LLC ni a ó ti kọ iye tí ẹ ó fi ra ìpín rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àti bí ẹ ó ṣe san án.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Houston)

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti pè é. Ó ní òun kò fẹ́ kí a sọ ọ́ di gbèsè, ìpín lòun fẹ́. C corporation, ilé-iṣẹ́ tó ń san owó orí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ńkọ́?

Lọ́yà Owó Orí (Houston)

Òfin gbà á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà yóò san 21% lórí èrè, èyí tí ẹ bá sì pín fún un, ẹ ó tún yọ 30%. Tí ìpín rẹ̀ bá tó 25%, Form 5472 wọ ọ̀rọ̀ náà (ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ owó tó kọjá láàárín òun àti àjèjì tó ní ìpín nínú rẹ̀), bí ẹ kò bá sì fi sílẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 25,000 dọ́là. Fún ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé èrè rẹ̀ lẹ fi ń jẹun, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí LLC yín jẹ́ ti ẹni méjì. Form 1065, ìwé owó orí òwò àjọṣe, yóò máa wọlé ní 15 oṣù Kẹta lọ́dọọdún. Ẹ ó máa fi 37% nínú èrè tó kan án ránṣẹ́ sí IRS, kódà bí kò bá gba kọ́bọ̀. Ìyẹn máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí náà ẹ yáa sọ fún un báyìí. Yóò gba ITIN (nọ́ńbà owó orí), yóò ṣe 1040-NR tirẹ̀ (ìwé owó orí àjèjì tí kò gbé Amẹ́ríkà), wọn yóò sì dá èyí tó bá lé padà fún un.

Kí òun náà wá lọ́yà tirẹ̀. Èmi kò lè jókòó fún ẹ̀yin méjèèjì nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìwé báńkì tó fi hàn bí owó ṣe dé, ìwé ìforúkọsílẹ̀ LLC, àti gbogbo owó orí tí ẹ ti ṣe láti ọjọ́ tí owó rẹ̀ ti wọlé, torí bí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ti ẹ̀yin nìkan ni, a ní láti tún un ṣe. Ẹ béèrè iye tí iṣẹ́ náà yóò ná yín lápapọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.